Àwọn Ọ̀rẹ́ Méjì ní Ẹnu Ọ̀nà Ilẹ̀ Okun: Ìtàn Dorugu àti Abbega

Okun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa! Ìkíni yìí ni àwọn Owé ti Kabba, àwọn Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ fi ń kí ara wọn, òun náà ni ó sì di orúkọ tí gbogbo wọn ń jẹ́ lápapọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ wọn níhà ìlà-oòrùn ni Lọ́kọ́jà wà, níbi tí Odò Ọya àti odò Benue ti pàdé. Láti ibẹ̀ dé Kabba kò ju nǹkan bí kìlómítà 80 lọ. Olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogi ni lónìí, ṣùgbọ́n ní àkókò tí mo fẹ́ sọ yìí, ìlú kékeré etí odò ni.

Nínú ìwé Fágúnwà, ọdẹ a máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ igbó. Àkàrà-ògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wá lọ. Ìrìnkèrindò tí wọ́n gbà láti rìn ni. Àwọn ọmọdékùnrin méjì tí ìtàn yìí dá lé lórí kò dágbére fún ẹnikẹ́ni nílé.

Dorugu jẹ́ ọmọ Hausa láti ìhà Damagaram, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Niger nísinsìnyí. Àwọn ọmọ ogun Bornu ni wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, tí wọ́n sì tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn. Abbega jẹ́ ọmọ Marghi, ẹ̀yà kan níhà gúúsù Bornu. Ẹrú ni òun náà. Adolf Overweg, ará Jámánì tí ó bá Heinrich Barth rin ìrìn àjò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wọn, ni ó dá àwọn méjèèjì sílẹ̀. Overweg kú ní etí adágún Chad ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1852, àwọn ọmọ náà sì di ẹni tí ń tẹ̀ lé Barth. Wọ́n bá a lọ sí ọ̀nà Timbuktu. Ní 1855 wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Tripoli, wọ́n sì bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́langba ni wọ́n nígbà náà.

Barth ti ṣètò ní 1856 pé kí wọ́n padà sí Áfíríkà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ J. F. Schön ní Chatham ni wọ́n dúró sí. Míṣọ́nnárì ni Schön, ará Jámánì ni òun náà. Òun àti Àjàyí Crowther ni wọ́n jọ gòkè Odò Ọya nínú ìrìn àjò ọdún 1841. Èdè Hausa ni ó ń kọ́, Dorugu sì ní èdè náà lẹ́nu. Ọmọ náà jókòó, ó ń sọ ìtàn ayé rẹ̀, Schön ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ nípa ilé àwọn òbí rẹ̀, nípa ọjọ́ tí wọ́n kó o, nípa ràkúnmí àti aṣálẹ̀, títí dé àwọn ohun ìyanu tí ó rí nílẹ̀ àwọn òyìnbó. Ìtàn náà jáde nínú ìwé Magana Hausa ní 1885. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn èdè, ẹ kíyè sí i: ọ̀kan nínú àwọn ìtàn ìgbésí ayé tí ó pẹ́ jù lọ tí a kọ sílẹ̀ ní èdè Hausa, láti ẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ti tà rí ni ó ti jáde.

Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rẹ́ wọn ti ṣe pàtàkì nìyí. Olúkúlùkù àgbà tí ó gbà wọ́n ni ó ní ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n ṣe fún òun. Àwọn arìnrìn-àjò fẹ́ ìránṣẹ́, Schön fẹ́ èdè. Oore ni wọ́n ṣe lóòótọ́, n kò sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n oore tí iṣẹ́ ń bẹ nínú rẹ̀ ni. Láàárín àwọn ọmọ méjèèjì nìkan ni a ti rí ẹni tí kò ní ohun tí ó lè gbà lọ́wọ́ ẹnì kejì ju pé kí wọ́n jọ wà. Ẹ̀yà wọn kò papọ̀, ilé wọn jìnnà síra. Ẹrú ni ó pa wọ́n pọ̀.

Wọ́n ya ara wọn nígbẹ̀yìn. Abbega ni ó kọ́kọ́ padà. Dorugu dúró títí di 1864. Lọ́kọ́jà ni Abbega wá ta gbòǹgbò sí. William Balfour Baikie ni ó tẹ̀ ẹ́ dó sí ẹsẹ̀ òkè Patti ní nǹkan bí ọdún 1860, àwọn Ọ̀wọ̀rọ̀ sì ń bẹ lórí àwọn òkè ẹ̀yìn rẹ̀. Hausa, Tápà, Igala, Ìgbìrà, Yorùbá tí ó ti Sàró dé, gbogbo wọn ni ó ń gbé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí a ti rà tàbí tí a ti tà rí. Abbega ṣe ògbufọ̀, ó bá Royal Niger Company ṣiṣẹ́, ó sì di olórí ìlú. Láti ìdílé rẹ̀ ni àwọn Maigari ti Lọ́kọ́jà ti wá. Dorugu ní tirẹ̀ parí ayé rẹ̀ ní Kano, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé. Ó kú ní 1912.

Kí ni èyí kan àwọn Okun? Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn Tápà ti Bida ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ènìyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Àwọn ìlú mìíràn sá gun orí àpáta. A máa ń sọ ìtàn àwọn olórí ogun àti ti àwọn òkè tí wọ́n sá sí; a kì í sábà sọ ti àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ. Ọ̀kan ń bẹ tí ó padà dé itòsí ilé. James Thomas, ọmọ Ìyàgbà, ni wọ́n kó lẹ́rú, wọ́n gbà á sílẹ̀, ó sì gbé Sàró ju 20 ọdún lọ kí ó tó bá Crowther wá sí Gbebe, ìlú tí ó wà ní òdìkejì odò sí Lọ́kọ́jà. Ibẹ̀ ni ó ti ń wàásù láti 1858. Nígbà tí ogun abẹ́lé fọ́ Gbebe ní 1866, ó kọjá sí Lọ́kọ́jà. Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí ó ń kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ṣì wà, Femi Kolapo sì ti ṣe àtẹ̀jáde rẹ̀ fún àwọn òǹkàwé. Ẹ rò ó wò: ìrìn ọjọ́ mélòó kan péré ni ó wà láàárín òun àti ilẹ̀ tí wọ́n ti jí i gbé, ọ̀nà náà sì kún fún ogun. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company tó gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà lọ sí Kabba, tí àgọ́ àwọn Tápà tí ó wà nítòsí ibẹ̀ tú ká, kí wọ́n tó ṣẹ́gun Bida fúnra rẹ̀.

Àwọn yòókù kò rí Schön tí yóò jókòó tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ní Freetown, ará Jámánì mìíràn, S. W. Koelle, lọ bá àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, ó ní kí olúkúlùkù pe ọ̀rọ̀ ní èdè ìlú rẹ̀. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní 1854. Ẹ ṣí i sí apá ibi tí ó to àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà, ẹ ó rí Yagba, ẹ ó rí Dsumu tí í ṣe Ìjùmú, ẹ ó sì rí Oworo. Ọ̀rọ̀ ẹyọ ẹyọ ni: baba, ìyá, omi, iná. Ẹni tí ó pè wọ́n fún un ti kúrò nílé tipẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń pè wọ́n bí ará ilé rẹ̀ ti ń pè wọ́n.