Oúnjẹ Bùkà ní Pápá Àjàó àti Agbègbè Rẹ̀

Pápá Àjàó jẹ́ àdúgbò kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Mushin nílùú Èkó. Ọjà Ládìpọ̀, ọjà ńlá tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, wà nítòsí rẹ̀. Ọjà Dálékò, níbi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gààrí lápòlápò, kò sì jìnnà síbẹ̀. Mẹkáníìkì, awakọ̀, alábàárù, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ àti oníṣòwò ló ń lọ tó ń bọ̀ lágbègbè yìí láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè padà sílé lọ jẹun ọ̀sán. Àwọn ni bùkà wà fún. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, iye tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde fún Mushin lé ní 630,000. Iye tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kà fúnra rẹ̀ ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ó wù kí èèyàn gbà, ẹnu tó ń retí oúnjẹ ọ̀sán ní Mushin kò kéré.

Oríṣiríṣi ni bùkà. Èyí tó kéré jù ni ti obìnrin tó gbé kúlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń bu ìrẹsì àti ẹ̀wà fún ẹni tó dúró. Èyí tó tẹ̀ lé e ni àtíbàbà onípákó àti páànù, tó ní bẹ́ǹṣì méjì-mẹ́ta, abọ́ omi ìṣanwọ́ àti ààrò lẹ́yìnkùlé. Àwọn tó ti rọ́wọ́ mú ń lo ṣọ́ọ̀bù tó ní fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ní ọmọ iṣẹ́ tó ń fọ abọ́. Àwọn oníbàárà kì í sábà wo orúkọ tó wà lára pátákó. Orúkọ àkọ́bí ìyá olóúnjẹ, ìlú tó ti wá tàbí ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ọn ni wọ́n fi ń pè é. Ẹlòmíràn a kàn pè é ní "mama put", orúkọ tí Wọlé Ṣóyínká fún olóúnjẹ inú eré rẹ̀, The Beatification of Area Boy, tó jáde lọ́dún 1995, tó sì dá lórí ìgboro Èkó.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò ló ń sọ ìgbà tí ìkòkò gbọ́dọ̀ sọ̀. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí aláàkàrà àti ẹlẹ́kọ fi ń dáná, nítorí awakọ̀ dáńfó tó ti bọ́ sójú pópó ní ìdájí kò lè dúró títí di aago mẹ́wàá. Ẹ̀wà àgànyìn náà ti ń jáde nígbà yẹn. Àwọn Àgànyìn tó wá láti Tógò àti Benin ló gbé e wá sí Èkó: ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ pátápátá, tí wọ́n wá bu ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà lé lórí, èyí tí wọ́n fi epo pupa tó ti yọ́ dín títí tó fi dúdú. Búrẹ́dì Agége ni ẹnìkejì rẹ̀.

Búrẹ́dì Èkó yìí ní ìtàn tó kọjá Agége. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá bá iléeṣẹ́ rélùwéè ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1913, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tta lọ́dún 1921, iṣẹ́ rẹ̀ sì gbilẹ̀ débi tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Ó yẹ kí ẹni tó ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà láàárọ̀ ní Mushin mọ̀ pé ọwọ́ ará Jàmáíkà, ará Tógò àti ará Èkó ló pàdé nínú abọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ni ti àmàlà. Èlùbọ́ iṣu ni wọ́n fi ń rò ó, ìyẹn iṣu tí wọ́n bẹ, tí wọ́n bọ̀ fẹ́rẹ́, tí wọ́n jẹ́ kó sùn sínú omi, tí wọ́n sì sá títí tó fi gbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Omi gbọ́dọ̀ hó dáadáa kí wọ́n tó da èlùbọ́ sí i, ọwọ́ tó mú orógùn kò sì gbọ́dọ̀ sinmi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kókó á kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ agbára ni fún ẹni tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ èrò. Nítorí náà, bùkà tó gbayì kì í ro gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń rò ó bí èrò ṣe ń wọlé, torí oníbàárà kò ní gba àmàlà tó ti tutù. Obìnrin tó ń bù ú a ti igbá bọ omi, a gé àmàlà, a yí i lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, ó ti rí róbótó. Gbẹ̀gìrì tí wọ́n fi ẹ̀wà bíbó sè, ewédú tí wọ́n fi ìjábẹ̀ já àti ọbẹ̀ ata ni wọ́n ń dà sí i. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé, ó di àbùlà. Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ni àbùlà ti gbajúmọ̀ jù, àwọn tó ti apá ibẹ̀ wá wáṣẹ́ sí Èkó ló sì gbé e dé Mushin.

Bí wọ́n ṣe ń ra oúnjẹ náà ní ìlànà tirẹ̀. Oníbàárà á sọ iye owó àmàlà tó fẹ́, lẹ́yìn náà ló máa nàka sí ẹran. Ṣàkì, ìfun, ẹ̀dọ̀, fùkù, abọ́dì, bọ̀kọ́tọ̀ àti pọ̀nmọ́ wà nínú àwo fífẹ̀ níwájú ìyá olóúnjẹ, pánla àti ẹja títù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ìyá mi, ẹ fi pọ̀nmọ́ kan sí i," ni ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì á wí. "Ọkọ mi, o ò jẹ ṣàkì lónìí?" ni ìyá á fi dá a lóhùn, á sì bu ọbẹ̀ díẹ̀ kún un bí èènì. Ìlànà yìí ló jẹ́ kí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí kálukú jẹ ìwọ̀n tí àpò rẹ̀ gbà. Ilé oúnjẹ tó bá kọ iye owó abọ́ sórí ìwé kò lè fún èèyàn ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, òun sì ni ìdí pàtàkì tí bùkà kò fi tíì kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Ládìpọ̀ jẹ́ Ígbò, àwọn bùkà tó kọjú sí ọjà náà kò sì gbàgbé wọn: ọbẹ̀ ọ̀hà, ọbẹ̀ nsala, ewúro àti ẹ̀gúsí wà pẹ̀lú fùfú àti ẹ̀bà. Àwọn Haúsá tó ń ta tíì ní ti wọn ń dín ẹyin, wọ́n sì ń se Indomie, oúnjẹ tó wọ ọjà Nàìjíríà lọ́dún 1988 tó sì ti di ti gbogbo ìlú. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, iná sùyà á gbà á lọ́wọ́ ìkòkò àmàlà.

Ẹni tó bá kúrò ní Mushin bọ́ sí Sùúrùlérè á bá àwọn bùkà tí orúkọ wọn ti kárí Èkó. Láti ọdún 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ibi tí èèyàn bá tẹ̀dó sí, olóúnjẹ á tẹ̀ lé e. Ọláìyá wà ní ojú ọ̀nà Akérélé, Àmàlà Shitta sì wà ní Shitta. Àwọn èèyàn ń gbé mọ́tò láti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀, wọ́n sì ń tò sórí ìlà ní ọ̀sán. Ní Yábàá, White House ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Yábátẹ́ẹ̀kì tó ti wà láti 1947, Yunifásítì Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 àti àwọn iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára ni oníbàárà àdúgbò náà ti ń wá. Ìrẹsì ọ̀fadà náà gbilẹ̀ níbẹ̀ àti ní Sùúrùlérè. Ìlú Ọ̀fadà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló fún un lórúkọ, ọbẹ̀ ayamáṣe aláwọ̀ ewé sì ni wọ́n sábà fi ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí Mr Bigg's ṣí ilé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Marina lọ́dún 1986, tí Tantalizers àti Sweet Sensation tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ rò pé míìtì páì àti adìyẹ díndín á gba oníbàárà lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ. KFC náà dé ní 2009. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ aláfẹ́fẹ́ tútù yìí ló fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ta àmàlà, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò. Bùkà kò lọ bá wọn. Àwọn ni wọ́n wá bá bùkà. Oúnjẹ yìí kan náà ti kọjá òkun. Ilé oúnjẹ 805 wà ní Old Kent Road ní London, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Nínú oṣù Kejì ọdún 2024, Adéjọkẹ́ Bákàrè, tó ni ilé oúnjẹ Chishuru ní ìlú kan náà, gba ìràwọ̀ Michelin, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ní Bìrìtìkó.

Ohun tó ń dá bùkà lágara báyìí ni owó ọjà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Owó ọkọ̀ tó ń kó iṣu, ata àti ẹ̀wà wọ Èkó fò sókè. Gẹ́gẹ́ bí iye tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè gbé jáde, nígbà tó fi di oṣù Kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù Kẹfà ọdún 2023 lọ. Ìyá olóúnjẹ kò lè fi gbogbo rẹ̀ lé oníbàárà lórí, torí owó tí mẹkáníìkì ń gbà kò sáré tó bẹ́ẹ̀. Ó di kí òkìtì àmàlà kéré sí i, kí ẹran tín-ín-rín sí i, kí pọ̀nmọ́ rọ́pò ẹran. Ó yẹ kí ìjọba tó ń gba owó orí ọjà lọ́wọ́ àwọn obìnrin yìí rántí pé àwọn ló ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlú.

Òfin kan tún dé. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2024, kọmíṣọ́nà fún ọ̀rọ̀ àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, Tòkunbọ̀ Wahab, kéde pé wọ́n ti fòfin de abọ́ funfun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ lọ sílé, nítorí pé ó ń dí gọ́tà, kì í sì í jẹrà. Gọ́tà Mushin fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i, òfin náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n abọ́ oníke tó rọ́pò rẹ̀ wọ́n jù ú lọ, ìyá olóúnjẹ a sì máa gba owó abọ́ lọ́tọ̀. Oníbàárà tí kò bá fẹ́ san án máa ń gbé kúlà tirẹ̀ wá láti ilé, tàbí kó ní kí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé àmàlà, kí wọ́n sì di ọbẹ̀ sínú òmíràn.