GSM àti CDMA ní Nàìjíríà, 2001–2015: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tó Fa Ìparẹ́ Ìlànà Kan

Èrò tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ń sọ ìtàn tẹlifóònù alágbèéká ní Nàìjíríà ni pé ìlànà CDMA parẹ́ nítorí pé GSM dára jù ú lọ. Nínú pépà yìí, a ó gbìyànjú láti fi hàn pé èrò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ojú tiwa, òfin, àkókò àti ìpinnu àwọn ará òkè òkun ló ṣẹ́gun CDMA, kì í ṣe àbùkù ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí ìlànà méjèèjì ṣe wọlé. Ní oṣù Kìíní 2001, àjọ NCC ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ẹyọ kan. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ, MTN àti Econet ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ CDMA, bí i Starcomms, Multi-Links àti Reltel, kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìwé àṣẹ tẹlifóònù inú ilé àti ọ́fíìsì tí kò lo wáyà ni tiwọn. Ọdún 2006 ni NCC tó gbé ìwé àṣẹ àpapọ̀ kalẹ̀, tó fún wọn láyè láti díje bí ẹgbẹ́. Nígbà náà, GSM ti ta gbòǹgbò.

Ìdènà kejì ni fóònù fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń lo GSM lè yọ káàdì SIM rẹ̀ sínú fóònù mìíràn. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, inú ẹ̀rọ gan-an ni nọ́ńbà CDMA wà, ilé-iṣẹ́ tó sì ta nọ́ńbà náà ló ń ta fóònù.

Bí a bá wá wo ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan, CDMA kò rẹlẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, EV-DO rẹ̀ yára ju GPRS ti GSM lọ fíìfíì. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni pé nígbà tí ẹbí GSM fẹ́ gòkè sí ìran kẹta (3G), ọgbọ́n CDMA ni wọ́n mú lò nínú WCDMA, ìyẹn fífi àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ya àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbì kan náà sọ́tọ̀. Ní 2007, MTN, Glo àti Celtel wà lára àwọn tó san mílíọ̀nù 150 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ìwé àṣẹ 3G. Ọgbọ́n náà borí. Àwọn tó kọ́kọ́ lò ó ní Nàìjíríà ló ṣubú.

Òkè òkun ni a ti parí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kọkànlá 2007, Verizon, ọ̀kan nínú àwọn òpó CDMA ní Amẹ́ríkà, kéde pé LTE, ìran kẹrin tó ti inú ẹbí GSM jáde, ni òun yóò lò. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Qualcomm, orísun CDMA, pa UMB tì, ìlànà tí ì bá rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀nà níwájú fún CDMA. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé ọdún 2007 yẹn gan-an ni a dá Visafone sílẹ̀ lórí ìlànà yìí. Nígbà tí MTN rà á bí ọdún 2015 ti ń parí lọ, ìgbì 800 MHz rẹ̀, tí a lè fi ṣe 4G, ló níye lórí jù.

A kò sẹ́ pé gbèsè àti ìṣàkóso ní ipa tiwọn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí a bá ṣàkóso dáradára pàápàá kò lè dá ìlànà tí àwọn tó ṣe é ti kọ̀ sílẹ̀ gbé ró. Àwọn tó ra fóònù CDMA ló sì fara gbá a, nítorí ẹ̀rọ wọn kò wúlò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì GSM.

Ní ìparí, a rí i pé ìtàn ìyípadà láti ìran kan sí òmíràn kò ṣeé kọ láti inú ẹ̀rọ nìkan. Ó yẹ kí òpìtàn wo ìwé àṣẹ, ọdún tí a fi í sílẹ̀, àti ìpàdé tí a ti ṣe ìpinnu láìsí aṣojú àwọn tí yóò ru ẹrù rẹ̀.