Charles ti Anjou àti Àwọn Adé Tí Ó Kó Jọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1282, ó ṣòro láti rí ọba kan ní etí Òkun Mẹditaréníà tí orúkọ oyè rẹ̀ pọ̀ tó ti Charles ti Anjou. Òun ni ọba Sísílì, èyí tí í ṣe erékùṣù náà pẹ̀lú gbogbo ìhà gúúsù ilẹ̀ Ítálì. Òun ni ọba Jerúsálẹ́mù, òun ni ọba Albania, òun ni olórí Achaea ní ilẹ̀ Gíríìkì. Òun ni ó ni Provence, òun náà ni ó ni Anjou àti Maine ní ilẹ̀ Faransé. Aláṣẹ Tunis ní Àríwá Áfíríkà ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Póòpù tí ó wà lórí oyè jẹ́ ẹni tirẹ̀. Ọkọ̀ ogun rẹ̀ sì ń péjọ ní èbúté Messina láti lọ gba Constantinople. Kí ọdún náà tó parí, erékùṣù Sísílì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, ó ti kú sí Foggia, àrólé rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀wọ̀n àwọn ọ̀tá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí okùn náà ti já níláti kọ́kọ́ mọ bí a ti hun ún.

Charles ni àbígbẹ̀yìn Louis kẹjọ, ọba Faransé, àti Blanche ti Castile. Ọdún 1226 ni bàbá rẹ̀ wàjà, kí ọmọ náà tó lè mọ̀ ọ́n lójú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Louis kẹsàn-án, ẹni tí Ìjọ Àgùdà sọ di ẹni mímọ́ ní ọdún 1297, ni ó jọba. Ilẹ̀ Anjou àti Maine ni wọ́n fi jẹ àbúrò yìí ní ọdún 1246, ìpín tí ó tó ọmọ ọba tí kò ní ìrètí adé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún kan náà ni ó ti gbé Beatrice ti Provence níyàwó, ìgbéyàwó yìí ni ó sì ṣí ọ̀nà òkun fún un.

Bàbá Beatrice, Ramon Berenguer, fi ọmọbìnrin mẹ́rin sílẹ̀ sáyé. Àkọ́bí, Margaret, ni aya Louis ọba Faransé. Eleanor ni aya Henry kẹta, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sanchia ni aya Richard, àbúrò Henry, ẹni tí wọ́n yàn ní ọba àwọn ará Jámánì ní ọdún 1257. Nígbà tí bàbá wọn kú ní ọdún 1245, ìwé ìhágún rẹ̀ fi Provence fún àbúrò pátápátá. Àwọn ẹ̀gbọ́n kà á sí ìrẹ́jẹ, Margaret kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán nínú rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ ní ìtàn pé ní ọjọ́ àsè kan, wọ́n fi Beatrice jókòó sí ìsàlẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí pé kì í ṣe olorì, ó sunkún, ọkọ rẹ̀ sì búra pé òun yóò fi adé dé e lórí. Bí kò tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ẹni tí ó rò ó mọ ìwà àwọn méjèèjì dáadáa.

Provence kọ́ Charles ní ìjọba ṣíṣe. Marseille, ìlú oníṣòwò tí kò fẹ́ olúwa kankan, ṣọ̀tẹ̀ sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ; ní ọdún 1252, 1257 àti 1262 ni ó fi agbára tẹ orí rẹ̀ ba. Ó sọ òwò iyọ̀ di ti ìjọba, ó ń ka owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Giovanni Villani, òpìtàn ará Florence, wí pé kì í sùn púpọ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀rín sì ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Adé tí ó ń wá ti ọwọ́ Póòpù wá. Ó ti pẹ́ tí Róòmù àti ilé Hohenstaufen ti ń bá ara wọn jà, nítorí pé ilé yìí ni ó ń jọba ní Jámánì, òun náà ni ó sì jogún Sísílì, bẹ́ẹ̀ ni ìlú Póòpù wà láàárín bí ẹran tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ níwá àti lẹ́yìn. Frederick kejì wàjà ní ọdún 1250. Manfred, ọmọ rẹ̀ tí a bí lẹ́yìn odi ìgbéyàwó, dé adé ní Palermo ní ọdún 1258. Àwọn Póòpù ka Sísílì sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ ọba ibẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kiri adé náà bí ẹni ń kiri ọjà. Wọ́n fi lọ Edmund, ọmọ Henry ọba Gẹ̀ẹ́sì. Owó tí wọ́n bèèrè wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì dojú kọ ọba wọn ní ọdún 1258. Lẹ́yìn náà ni Urban kẹrin, Póòpù tí í ṣe ọmọ aránbàtà ará Troyes, yíjú sí Charles. Charles yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ wúrà áúnsì 8,000 lọ́dọọdún, kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan oyè ọba Jámánì. Urban kú ní ọdún 1264. Clement kẹrin, ará Faransé bíi tirẹ̀, parí ọ̀rọ̀ náà. Ìdámẹ́wàá ìjọ ilẹ̀ Faransé àti owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn olówó Tuscany ni wọ́n fi gbọ́ bùkátà ogun. Láti ọjọ́ tí ó ti jẹ oyè náà ni ó ti wà nínú gbèsè.

Wọ́n dé e ládé ní Róòmù ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1266. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì, Manfred ṣubú ní ojú ogun Benevento. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, Conradin, ọmọ ọmọ Frederick, sọ̀kalẹ̀ láti Jámánì wá gba ogún ilé rẹ̀. Ní Tagliacozzo, ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1268, ó kù díẹ̀ kí ó ṣẹ́gun. Àwọn ènìyàn rẹ̀ pa ìjòyè kan tí ó wọ aṣọ Charles, wọ́n rò pé ọba ni wọ́n pa, wọ́n sì tú ká láti kó ìkógun. Charles wà lẹ́yìn òkè pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin tí ó fi pamọ́. Ó jáde sí wọn. Wọ́n mú Conradin bí ó ti ń sá lọ, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní gbangba ìlú Naples ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Àwọn tí ó fẹ́ràn Charles pàápàá kò rí àwíjàre rere fún ìwà yìí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: Manfred ti bí ọmọbìnrin kan, Constance, ó sì ti fi í fún Peter, ọmọ ọba Aragon, ní ọdún 1262. Idà Naples kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Láti ìgbà yìí ni Charles ti ń kó adé jọ. Ní Viterbo, ní ọdún 1267, Baldwin kejì, ẹni tí àwọn Gíríìkì ti lé kúrò ní Constantinople ní ọdún 1261, fi ẹ̀tọ́ orí Achaea lé e lọ́wọ́ kí ó lè bá a gba ìtẹ́ padà. Ní ọdún 1272 ó pe ara rẹ̀ ní ọba Albania. Ní ọdún 1277 ó ra ẹ̀tọ́ adé Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ Maria ti Antioch, ó sì rán aṣojú lọ sí Acre. Ìlú Jerúsálẹ́mù gan-an ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn Kristẹni láti ọdún 1244. Ìwé àdéhùn, ìgbéyàwó àti owó ni ó fi gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn oyè wọ̀nyí. Kì í ṣe pé kò lè jagun. Ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, ẹni tí ó bá ní ìwé ilẹ̀ kan ti ní ilẹ̀ náà, ìyókù di iṣẹ́ agbowó-orí.

Constantinople ni ó jẹ ẹ́ lọ́kàn jù, ṣùgbọ́n Michael kẹjọ Palaiologos tí ó wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀gọ. Ó mọ̀ pé Charles kò lè jáde láìsí àṣẹ Póòpù. Ní ọdún 1274, ní ìpàdé ńlá Lyon, ó gbà kí ìjọ Gíríìkì fi ara mọ́ Róòmù, bí àwọn ènìyàn rẹ̀ tilẹ̀ ń bú u nílé. Níwọ̀n ìgbà tí ìrẹ́pọ̀ yìí wà, Póòpù kò lè súre fún ogun. Kódà ìrìn àjò Tunis ní ọdún 1270, níbi tí Louis ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, fa Charles sẹ́yìn, nítorí ìjì fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ní Trapani bí wọ́n ti ń padà bọ̀. Ọdún 1281 ni ilẹ̀kùn ṣí. Martin kẹrin, ará Faransé tí Charles ṣe atọ́nà fún, di Póòpù. Ó yọ Michael kúrò nínú ìjọ. Venice sì bá Charles dá májẹ̀mú ní Orvieto. Wọ́n fi ìjáde ogun sí oṣù Kẹrin ọdún 1283.

Ta ni yóò san owó rẹ̀? Àwọn ará Sísílì wà lára àwọn tí ẹrù náà wọ̀ lọ́rùn jù. Ní ayé àtijọ́, owó-orí ńlá wà fún ìgbà ìṣòro nìkan; lábẹ́ Charles ó di ti ọdọọdún. Palermo ti jẹ́ ìlú ọba láti ayé àwọn Norman. Charles kó ìjọba lọ sí Naples. Àwọn àjẹ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ará Faransé àti ará Provence, èdè wọn yàtọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ náà ju ohun tí wọn yóò rí kó lọ. Wọ́n ń gba ọkà àti ẹran lọ́wọ́ àgbẹ̀ fún ọkọ̀ ogun tí kò kan àgbẹ̀ náà. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ìgbà tí ó yà síbẹ̀ nígbà ìrìn àjò Tunis, Charles kò fi ẹsẹ̀ tẹ erékùṣù náà títí ogun fi dé. Ọba tí ó ń ṣọ́ owó iyọ̀ Provence lójú méjèèjì kò bèèrè bí àwọn tí ń bọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ti ń sùn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 1282, ọjọ́ Ajé ẹ̀yìn Àjíǹde, àwọn ará Palermo jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Ẹ̀mí Mímọ́ tí ó wà lẹ́yìn odi ìlú. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n ń retí àdúrà ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará Faransé kan wá bá wọn níbẹ̀, ọtí sì ti wọ̀ wọ́n lára. Ọ̀kan nínú wọn, tí ìtàn pè ní Drouet, fa obìnrin ọlọ́kọ kan jáde, ó sì ń fi ọwọ́ pa á lára. Ọkọ obìnrin náà yọ ọ̀bẹ, ó gún un pa. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ gbẹ̀san ni gbogbo èrò dà bò wọ́n, agogo ìrọ̀lẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri ìlú. Ní òru ọjọ́ náà, wọ́n ń ti ilé dé ilé. Wọn kò dá obìnrin sí, wọn kò dá ọmọdé sí, wọn kò sì dá ọmọbìnrin Sísílì tí ó fẹ́ ará Faransé sí. Ìtàn sọ pé wọ́n fa àwọn àlùfáà àjèjì jáde, wọ́n ní kí wọ́n pe ciciri, orúkọ irú ẹ̀wà kan tí ahọ́n Faransé kò lè pè. Ẹni tí kò bá lè pè é kú. Nǹkan bí 2,000 ni ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyà tí wọ́n jẹ àwọn ará Sísílì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ṣe, kò sì yẹ kí òpìtàn bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, Messina dìde, ó sì dáná sun àwọn ọkọ̀ tí ó wà ní èbúté rẹ̀. Ogun Constantinople parí níbẹ̀. Villani wí pé nígbà tí Charles gbọ́, ó bẹ Ọlọ́run pé bí ó bá wù Ú láti rẹ òun sílẹ̀, kí ó jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn òpìtàn kò tí ì fẹnu kò lórí ẹni tí ó dá iná náà. Àwọn kan tọ́ka sí John ti Procida, ìránṣẹ́ Manfred tí ó sá lọ sí Aragon, àti sí wúrà Michael Palaiologos. Michael fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọlọ́run lo òun láti dá àwọn ará Sísílì sílẹ̀. Steven Runciman, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1958, ka ọ̀tẹ̀ abẹ́lẹ̀ yìí sí ohun ńlá. Michele Amari, ọmọ Sísílì, ti wí tẹ́lẹ̀ ní ọdún 1842 pé ìbínú àwọn ènìyàn ni, kì í ṣe ìmọ̀ràn àwọn ọba. Ohun tí àwọn ará Sísílì kọ́kọ́ ṣe gbe Amari. Wọn kò pe Peter ti Aragon ní ọba lọ́jọ́ náà. Ìlú kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣe ìjọba ara rẹ̀ lábẹ́ ààbò Póòpù. Martin lé ìránṣẹ́ wọn. Ìgbà tí Póòpù tilẹ̀kùn, tí Charles sì dó ti Messina, ni wọ́n tó ránṣẹ́ pe Peter, ọkọ Constance, tí ọkọ̀ rẹ̀ wà nítòsí ní etí òkun Áfíríkà. Wúrà Michael lè wà lọ́nà, ṣùgbọ́n wúrà kì í mú igi tútù jó.

Peter gúnlẹ̀ ní Trapani ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, Charles ti kó ogun rẹ̀ kúrò ní Messina. Àwọn ọba méjèèjì ṣèlérí láti bá ara wọn jà lójúkojú ní Bordeaux ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1283. Oníkálukú wá ní wákàtí tirẹ̀, kò bá ẹnì kejì, ó sì kéde pé òun ni òun borí. Òkun ni wọ́n ti rí ìjà gidi. Roger ti Lauria, balógun ọkọ̀ Aragon, fọ́ ọkọ̀ Charles ní Malta ní ọdún 1283, ó sì mú àrólé rẹ̀ ní ìgbèkùn níwájú Naples ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1284. Charles kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1285. Martin tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta. Philip kẹta ọba Faransé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó ogun lọ bá Aragon nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kú lẹ́nu rẹ̀ kí ọdún tó parí.

Ogun náà kò tán títí di ọdún 1302, nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn Caltabellotta. Frederick, ọmọ Peter àti Constance, ni ó mú erékùṣù náà. Ọmọ Charles, tí wọ́n ti tú sílẹ̀, mú Naples. Ṣùgbọ́n nínú àdéhùn náà, ilé Anjou kò jẹ́ kí Frederick jẹ́ ọba Sísílì. Orúkọ àtijọ́ kan, Trinacria, ni wọ́n wá fún un, kí orúkọ Sísílì lè wà pẹ̀lú Naples. Ọba tí ó ń gbé ní Naples, tí kò ní ẹsẹ̀ ilẹ̀ kan lórí erékùṣù náà, ń bá a lọ láti máa fi ọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ọba Sísílì àti Jerúsálẹ́mù. Acre ti ṣubú láti ọdún 1291.