Àìsàn ni wọ́n ní àwọn ń lé, ilé ni wọ́n wó

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Erékùṣù Èkó wà lára àwọn agbègbè tí ìjọba kọ́kọ́ dárúkọ. Kíá làwọn kan ti dá ará àdúgbò lẹ́bi, wọ́n ní ìdọ̀tí wọn ló fà á. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn irú ìdáhùn kíákíá bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn léèrè ná: báwo ni ìlera ṣe dé apá kan ìlú, tí kò dé apá kejì?

Ní 1897, Ronald Ross fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ohun tí ọ̀pọ̀ aláṣẹ òyìnbó rí fà yọ nínú ìmọ̀ yìí ni pé kí òyìnbó kó kúrò láàárín ènìyàn dúdú. William MacGregor, gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, kò gbà. Ẹ̀fọn ló ní kí wọ́n bá jà: kí wọ́n dí irà, kí wọ́n la ojú omi, kí wọ́n pín kuníìnì fún gbogbo ènìyàn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ipa omi tí wọ́n là láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí.

Nígbà tó lọ tán, èrò kejì ló borí. Ìkòyí di ibùgbé òyìnbó. Nígbà Lugard, ìlànà ni pé kí ilẹ̀ ṣófo tó yáàdì 440 láàárín àdúgbò òyìnbó àti ti aráàlú, torí wọ́n gbà pé ẹ̀fọn ò ní lè fò kọjá ibẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ń sùn ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Àbí ẹ̀fọn mọ ọmọ ọ̀dọ̀ yàtọ̀?

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ omi. Ní 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, lára ohun tí wọ́n sì ta kò ni owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà. Omi ẹ̀rọ Ìjù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1915. Àwọn kan máa ń sọ pé aráàlú ò mọ iyì omi mímọ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé àwọn ní kànga, àti pé kò tọ́ kí tálákà sanwó omi tí òyìnbó ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ jù.

Ní 1924, àrùn eku wọ Èkó. Eégbọn ara eku ló ń gbé e, ibi tí ilé ti há mọ́ra ló sì ti ń jà jù. Àwọn wolé-wolé tú síta. Ní 1928, ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, wọ́n sì fún un lágbára láti gba ilẹ̀, kó sì wó ilé. Wọ́n wó apá Oko Awo. Wọ́n la ilẹ̀ tuntun sí Yábàá. Àrùn náà lọ lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan dúró lẹ́yìn rẹ̀: pé wíwó ilé ni oògùn.

Ìgbàgbọ́ yìí ló tún gbéra ní 1955, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó nǹkan bí éékà 70 láàárín Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá àwọn tí wọ́n kó lọ àti àwọn tó ṣì kù sọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ilé tuntun dára, ó ní àyè. Ṣùgbọ́n oníṣòwò pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ pọ̀, arúgbó jìnnà sí ẹbí tó ń fún un lóúnjẹ. Ẹ wò ó dáadáa: owó ọjà àti ojú ẹbí, ìlera ni wọ́n. Ìyá tó bímọ ní agbolé, obìnrin ilé ló ń wẹ ọmọ fún un. Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́ ní ibi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni?

Ní oṣù Keje 1990, ó kan Màrókò. Ìjọba ní ibẹ̀ dọ̀tí, omi sì lè bò ó. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, ìyẹn 300,000, ni wọ́n lé. Ilé olówó ló wà lórí ilẹ̀ náà lónìí. Ilẹ̀ kan náà ni. Omi tó lè bo tálákà kò dí olówó lọ́wọ́ láti kọ́lé síbẹ̀, torí wọ́n ti kún ilẹ̀ náà, wọ́n sì ti la gọ́tà sí i. Ó ṣeé ṣe nígbà náà.

Mi ò sọ pé ilé tó há dára o. Ohun tí mò ń wí ni pé àìsàn ò gbé inú ògiri. Inú àìrómi, àìrígọ́tà àti àìrówó ló ń gbé, tálákà sì ń ru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbi tí wọ́n bá lé e dé. Kò sì tán sí Èkó. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé àti Ọ̀fà tó bá lọ wáṣẹ́, yàrá kan nínú ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ ni yóò kọ́kọ́ gbà.

Nítorí náà, bí ìjọba kan bá tún ní òun fẹ́ tún àdúgbò ṣe nítorí ìlera, ìbéèrè kan ni kí ẹ bi í: àwọn tó ń ṣàìsàn níbẹ̀ lónìí, ṣé àwọn náà ni yóò máa gbé ibẹ̀ nígbà tí omi bá dé?