Aró Èlú àti Aró Òyìnbó

Títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí ènìyàn bá fẹ́ fún aṣọ ní àwọ̀, oko, igbó tàbí ara kòkòrò ni yóò ti wá a. Pupa tó wà lára ṣòkòtò sójà ilẹ̀ Faransé, egbò ewéko kan tí wọ́n ń gbìn ní gúúsù ilẹ̀ náà ni. Pupa mìíràn tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ ń wá láti ara kòkòrò tíntìntín kan ní Mẹ́síkò. Nílẹ̀ Yorùbá, igi osùn ló ń fúnni ní pupa, èlú ló ń fúnni ní aró. Láàárín 1856 sí 1897, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àgbẹ̀, èédú ni wọ́n sì fi rọ́pò oko. Nínú gbogbo àwọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn, aró ni ìtàn rẹ̀ kan Yorùbá jù, nítorí Abẹ́òkúta wà lára ibi tí aró àtijọ́ àti aró tuntun ti pàdé ní gbangba, tí ọ̀rọ̀ sì di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba.

Bí àwọn aláró ṣe ń ṣe é látijọ́ nìyí. Wọ́n á já ewé èlú tútù, wọ́n á gún un nínú odó títí yóò fi kúnná, wọ́n á fi ọwọ́ rọ ọ́ róbótó, wọ́n á sì sá a sóòrùn. Bí ó bá ti gbẹ, ó ṣeé tọ́jú, ó sì ṣeé gbé lọ tà ní ọjà tó jìnnà. Omi eérú ló kù. Wọ́n á sun igi di eérú, wọ́n á da eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n á gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, wọ́n á wá máa bu omi lé e díẹ̀díẹ̀. Omi tó ń kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ tó sì ń ta ahọ́n, ni wọ́n ń fẹ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ èlú gbígbẹ sí, wọ́n á dé e fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, tí ìfófòó yóò sì bo ojú rẹ̀. Imú, ahọ́n àti àwọ̀ ojú omi ni aláró àgbà fi ń mọ̀ pé aró ti tó lò.

Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Kò ní pẹ́ tí afẹ́fẹ́ kàn án tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún fẹ́ ẹ, léraléra, títí yóò fi dúdú dáadáa. Òwú tí wọ́n rẹ dé ojú àmì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń hun ẹtù. Iṣẹ́ obìnrin ni ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ìyá Mapó ni òrìṣà tí àwọn aláró ń bọ, ọ̀dọ̀ ìyá sì ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ ọ.

Ìyípadà láti àwọ̀ ewé sí búlúù yìí ni kókó kẹ́míkà aró. Búlúù tó wà nínú èlú, tí àwọn onímọ̀ ń kọ ní C16H10N2O2, kì í yòrò nínú omi, ohun tí kò bá sì yòrò kò lè ráyè wọ inú òwú. Nínú ìkòkò aró, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú kí aró kan ló ń sọ búlúù náà di irú mìíràn tí omi eérú lè yọ́. Irú yìí ló ń wọ inú òwú. Bí wọ́n bá fa aṣọ jáde, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á dá a padà sí búlúù, á sì há sínú fọ́nrán òwú náà, kò ní rọrùn fún omi láti tú u mọ́. Eérú kéré jù, aró kò ní mú. Eérú pọ̀ jù, aró á bàjẹ́, ọwọ́ aláró náà á sì bó. Àwọn ìyá tí kò ka ìwé kan ti ń ṣe èyí ní àṣeyọrí kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ń jẹ́ ọ́síjìn.

Ibà ló ṣí ilẹ̀kùn fún àwọ̀ ilé iṣẹ́. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad gba odò Ọya lọ sókè, Samuel Àjàyí Crowther sì wà nínú rẹ̀. Dókítà William Balfour Baikie tó ṣáájú ìrìn àjò náà mú kí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ máa lo kuníìnì, kò sì sí ẹni tí ó kú nínú wọn. Ṣùgbọ́n kuníìnì wọ́n, nítorí pé ara èèpo igi kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá ni wọ́n ti ń rí i. August Wilhelm Hofmann, ọmọ Jámánì tó ń kọ́ni ní kẹ́míkà ní Lọ́ńdọ̀nù, rò pé a lè ṣe é láti inú ọ̀dà èédú, ìyẹn ẹ̀gbin dúdú tó ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá fa gáàsì iná jáde lára èédú. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, William Henry Perkin, ọmọ ọdún 18, dán an wò nílé nígbà ìsinmi Àjíǹde 1856. Kuníìnì kò jáde. Ohun dúdú kan ló rí, nígbà tó sì da ọtí líle sí i, omi náà di àwọ̀ ẹsẹ̀ àlùkò. Perkin kò dà á nù. Ó ti aṣọ ṣẹ́dà bọ̀ ọ́, ó rí i pé àwọ̀ náà kò ṣí, ó gba ìwé àṣẹ lé e lórí, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Greenford, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ní 1857. Ní 1858 Ọbabìnrin Victoria wọ aṣọ aláwọ̀ yìí níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, àwọ̀ náà sì di oge.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ará Jámánì ló jẹ èrè rẹ̀. Wọ́n dá Bayer àti Hoechst sílẹ̀ ní 1863, BASF tẹ̀ lé wọn ní 1865. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé wọ́n ń gba onímọ̀ kẹ́míkà sílé iṣẹ́, wọ́n sì ń san owó fún un kí ó máa ṣe ìwádìí, yálà èrè ti ń yọ tàbí kò tíì yọ. Ní 1869 BASF gba ìwé àṣẹ fún pupa tí àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé ń gbìn, nísinsìnyí láti inú ọ̀dà èédú, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà. Ọjọ́ kejì ni ìwé Perkin lórí àwọ̀ kan náà tó wọlé. Kò pẹ́ tí oko egbò pupa fi di igbó.

Aró kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Adolf von Baeyer bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀ ní 1865. Ó rí i ṣe nínú yàrá ìwádìí, ní 1883 ó sì sọ bí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ṣe so mọ́ ara wọn. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Ṣùgbọ́n owó tí ọ̀nà tirẹ̀ ń ná ni ju iye tí aró India ń tà lọ. Ní 1890 Karl Heumann ní Zurich fi ọ̀nà mìíràn hàn. BASF fẹ́ fi naphthalene bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohun kan náà tó wà nínú káńfọ̀ róbótó tí a ń jù sínú àpótí aṣọ, torí pé ó pọ̀ lọ jàra nínú ọ̀dà èédú. Ìṣòro wọn ni pé ásíìdì tí wọ́n ń fi sè é kò ṣiṣẹ́ tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ní 1896 tẹmómítà kan fọ́ sínú ohun tí wọ́n ń sè, mákíúrì inú rẹ̀ dà sínú ásíìdì, iṣẹ́ tó ti ń falẹ̀ sì yá kánkán. Mákíúrì ni ohun tí wọ́n ti ń wá láìmọ̀. Àwọn tó ń kọ ìtàn ilé iṣẹ́ fẹ́ràn tẹmómítà yìí gan-an, ṣùgbọ́n kí ó tó fọ́, owó ńlá ti wọlẹ̀: nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 máàkì wúrà ni BASF ná lórí aró kan ṣoṣo. Ní oṣù keje 1897 wọ́n gbé e bọ́ sọ́jà.

India ni ìyà náà kọ́kọ́ jẹ, bí a bá lè pè é ní ìyà. Àwọn òyìnbó tó ni oko aró ní Bengal àti Bihar ti ń fi tipátipá mú àgbẹ̀ gbìn ín tipẹ́. Ní 1859 àwọn àgbẹ̀ Bengal kọ̀ jálẹ̀, ó sì di rògbòdìyàn. Ní Champaran ní Bihar, ìdá mẹ́ta nínú ogún ilẹ̀ àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti aró. Nígbà tí aró Jámánì já owó aró wọn walẹ̀, àwọn olóko yọ̀ǹda kí àgbẹ̀ má gbìn ín mọ́, wọ́n sì fowó kún owó ilẹ̀ dípò rẹ̀. Ẹjọ́ yìí ló gbé Gandhi dé Champaran ní 1917. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ìdáǹdè fún àgbẹ̀ di gbèsè sí i lọ́rùn.

Ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Aṣọ funfun láti Manchester ti pọ̀ lọ́jà, ó sì pọ́ọ́kú ju kíjìpá lọ. Ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 mú kí ó rọrùn láti kó ẹrù wọlé àti láti kó o jáde. Lórí aṣọ funfun yìí ni adìrẹ ti gbilẹ̀: oníko tí wọ́n fi ìko dì, alábẹ́rẹ́ tí wọ́n rán kí wọ́n tó rẹ ẹ́, àti ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń gba aṣọ láwìn lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á tà á, wọ́n á sì wá san. Ní ọdún 1920 sí 1930, àwọn oníṣòwò láti Senegal àti Gold Coast ń wá rà á ní Abẹ́òkúta fúnra wọn.

Iṣẹ́ ọnà inú ẹlẹ́kọ tó ohun tí a ń dúró wò. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí ni wọ́n ń fi sí ojú aṣọ, ibi tí ó bá bò ni aró kò ní wọ̀. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìyẹ àti ìgbálẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń yà á. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin ń gé páànù sí bátànì, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ gbá a kọjá. Èyí yá ju ìyẹ́ lọ. Àwọn bátànì náà ń tọ́jú ìtàn. Òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà nínú bátànì Ìbàdàndùn. Bátànì mìíràn gbé àwòrán Ọba George Karùn-ún àti ayaba rẹ̀, fún àyájọ́ ọdún 25 rẹ̀ lórí ìtẹ́ ní 1935.

Aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì ló wọ àárín òwò yìí. Kọ́sítíìkì ń ṣe iṣẹ́ omi eérú láìsí igi sísun, láìsí ìkòkò oníhò. Iṣẹ́ tó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ di èyí tó ń kúrú, ẹni tí kò ti ọ̀dọ̀ ìyá kọ́ ọ sì lè dá ìkòkò tirẹ̀ kalẹ̀. Àwọn aláró pọ̀ sí i, owó ọjà wálẹ̀, àwọn kan sì ń ṣe é ní wàrà-wàrà: kọ́sítíìkì tó pọ̀ jù ń jẹ aṣọ, aró tí kò mú ń ṣàn dànù nígbà ìfọṣọ. Ọdún tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ náà ni owó kòkó àti èkùrọ́ já wálẹ̀ káàkiri, tí ẹni tó ń ra adìrẹ kò sì lówó lọ́wọ́ mọ́.

Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì gbà pé kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó ló ba òwò náà jẹ́, ó sì fòfin dè wọ́n. Àwọn aláró kò gbà. Ní 1936 ìjà náà le débi pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Lójú tèmi, ìdájọ́ tí Aláké ṣe fún kọ́sítíìkì yá jù. Búlúù inú èlú àti búlúù tó ti Jámánì wá, ohun kan náà ni. Ẹni tí kò ní sùúrù lè fi èyíkéyìí nínú méjèèjì ba aṣọ jẹ́. Gbèsè àwìn àti owó kòkó tó já wálẹ̀ ló pa ọjà náà lára jù. Àmọ́, ẹni tó fẹ́ ṣe òfin lè gba kọ́sítíìkì lọ́wọ́ obìnrin, kò lè fòfin gbé owó kòkó sókè. Aláké yìí kan náà ni Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kọjú ìjà sí lórí owó orí, títí ó fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà kan ní 1949.

Èlú kò padà bọ̀ sípò. Láti ìparí ọdún 1960 sí 1970 ni kampala ti gbilẹ̀, aṣọ aláwọ̀ púpọ̀ tí wọ́n ń fi àbẹ́là yíyọ́ àti àwọ̀ ilé iṣẹ́ ṣe, aláró sì di ẹni tí kì í ṣe búlúù nìkan mọ́. Aró tí ilé iṣẹ́ ń ṣe lágbàáyé báyìí, ara aṣọ jíǹsì ni èyí tó pọ̀ jùlọ ń lọ. Ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ bátànì adìrẹ sí lára, tó ti China dé, ń figagbága pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ. Àwọn díẹ̀ ṣì wà tó ń gún èlú, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní adìrẹ, bí ilé iṣẹ́ ọnà tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ ní Òṣogbo.