Hogan Bassey, Abẹ̀ṣẹ́kù tí ó Di Olùkọ́

Nígbà tí a bá ń ròyìn akọni ní Ìlobùú àti ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ẹni tí ó ṣẹ́gun ni a máa ń yìn. A kì í sábà rántí ẹni tí ó kọ́ ọ. Hogan Bassey jẹ́ méjèèjì.

Ní agbègbè Kàlàbá ni a bí i ní ọdún 1932. Ó kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní Èkó, ó sì ré òkun kọjá sí Liverpool. Ní oṣù kẹfà ọdún 1957, ní Párísì, ó ṣẹ́gun Cherif Hamia, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba adé ayé nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́. Ní 1959 Davey Moore ṣẹ́gun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bassey sì fi ìjà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó padà wálé, ó di olùkọ́ àwọn abẹ̀ṣẹ́kù Nàìjíríà. Lábẹ́ ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ni Nojim Maiyegun gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ ní Òlímpíìkì Tokyo, ní ilẹ̀ Japan, ní 1964: àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè wa. Bassey kú ní 1998.

Ẹ̀yin ará, ẹ kíyè sí i: nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, bí agogo bá ti lù, ọwọ́ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àwa tí a ti rí ìjà ilẹ̀ láàrin Ìlobùú àti Ìfọ́n mọ bí ẹ̀kọ́ yìí ti ṣọ̀wọ́n tó. Agbára kò wọ́n àwọn ọmọ wa. Olùkọ́ tí yóò kọ́ wọn ní ìjánu ni ó wọ́n wọn.