Oró Kì í Ṣe Wàrà

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà òdòdó ní Dublin, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí igi kan nínú ìkòkò, tó dúró ṣánṣán, tó ní igun mẹ́ta, tí ẹ̀gún kéékèèké àti ewé wẹ́wẹ́ sì tò sí etí rẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, igi wàrà ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń pè é. Euphorbia trigona ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, àárín gbùngbùn Áfíríkà ni ó sì ti wá. Àwọn àgbà inú wa yóò mọ̀ ọ́n lójú, nítorí pé ìbátan oró ni, oró ẹlẹ́gùn-ún tí a ń gbìn yí ilé àti oko ká, tí àwọn mìíràn ń pè ní oró adẹ́tẹ̀. Ẹ má pè é ní cactus o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìdílé cactus ti ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní oje funfun bí èyí.

Oró ni ohun tí ejò fi ń ṣọṣẹ́. Oró ni a ń dá ènìyàn nígbà tí a bá ń fi ìyà jẹ ẹ́. (Kí àwọn ọmọ wa má ṣe gbàgbé àmì ohùn: orò tí obìnrin kì í rí jẹ́ ohun mìíràn pátápátá.) Ẹni tó sọ igi náà lórúkọ ti kìlọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Dublin, tó gbọ́ pé igi wàrà ni, ta ni yóò sọ fún un pé oje funfun tó ń sun jáde níbi tí ẹ̀ka bá ti ṣẹ́ lè ba ojú jẹ́?

Orúkọ Euphorbia náà ní ìtàn, Áfíríkà ni ìtàn náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Juba Kejì, ọba Mauretania ní àríwá Áfíríkà, tó wàjà ní nǹkan bí ọdún 23 lẹ́yìn ìbí Kristi, jẹ́ ọba tó mọ̀wé púpọ̀. Ọmọ Cleopatra, ayaba Íjíbítì, ni olorì rẹ̀. Juba kọ̀wé lórí igi kan tó ń hù lórí òkè Atlas, ó sì fi orúkọ oníṣègùn rẹ̀, Euphorbus ọmọ Gíríìkì, sọ ọ́. Pliny ará Róòmù, tó kú ní ọdún 79, ṣàlàyé bí wọ́n ti ń gba oje igi náà. Òkèèrè ni wọ́n ń dúró. Wọn a fi ọ̀pá gígùn ṣá a lọ́gbẹ́, wọn a sì fi ohun èlò tí a fi ikùn ọmọ ewúrẹ́ ṣe gbe oje náà. Ó ní bí ó ti ń kán, ó jọ wàrà. Ẹ wò ó! Ó jọ wàrà lójú wọn, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ súnmọ́ ọn. Ní 1753, Linnaeus ará Sweden fi orúkọ Euphorbia pe gbogbo ẹ̀yà náà pọ̀. Ní 1975 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yọ èròjà kan sọ́tọ̀ lára Euphorbia resinifera, ọ̀kan nínú àwọn tó ń hù lórí òkè Atlas. Èròjà náà ta ju ohun tó ń mú ata ta lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún.

Àwọn ará Ireland náà ní tiwọn. Euphorbia hyberna ń hù ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, pàápàá ní Kerry àti Cork. Bainne caoin ni wọ́n ń pè é ní èdè Irish. Bainne náà kò jẹ́ nǹkan mìíràn ju wàrà lọ. Láyé àtijọ́, àwọn apẹja ibẹ̀ a máa gún un sínú odò kí ẹja lè léfòó. Ẹni tó bá rántí bí àwọn bàbá wa ti ń fi ewé olóró mú ẹja nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rẹ́rìn-ín.

Báwo ni a ṣe lè gbìn ín níbí? Ọgbà ewéko Glasnevin, tí Ẹgbẹ́ Dublin dá sílẹ̀ ní 1795, ti fi ilé dígí yanjú ọ̀rọ̀ òtútù tipẹ́. Richard Turner ló kọ́ púpọ̀ nínú èyí tó lókìkí jù níbẹ̀. Ilé ọ̀pẹ ńlá sì dìde ní 1884. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pẹ ń fẹ́ kọ́ ni oró ń fẹ́. Ọ̀rinrin ló dùn mọ́ ọ̀pẹ inú ilé dígí. Gbígbẹ ló dùn mọ́ oró. Ìmọ́lẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ wọ́n ọn nínú ilé wa. Ní Èkó, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jálẹ̀ ọdún. Ní Dublin, ojúmọmọ oṣù Kejìlá kò ju nǹkan bí wákàtí méje ààbọ̀ lọ. Ojú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ni kí ẹ gbé e sí, níbi tí otútù kò ti ní í relẹ̀ ju ìwọ̀n Celsius 10 lọ. Ẹ po iyanrìn líle àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, kí ìkòkò sì ní ihò nídìí. Nígbà ooru, ẹ bomi rin ín kìkì bí iyẹ̀pẹ̀ bá ti gbẹ. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Àwọn tó ń bomi rin ín lójoojúmọ́ bí ẹni tó gbin tẹ̀tẹ̀, àwọn gan-an ló ń pa á.

Bí ẹ bá fẹ́ gé ẹ̀ka fún ọ̀rẹ́, ẹ gé e nígbà ooru. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi awò bo ojú, ẹ fi omi ṣan ojú ibi tí ẹ gé títí oje yóò fi dá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka náà gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ tó gbìn ín. Bí oje bá kan ara, ọṣẹ àti omi ni. Bí ó bá wọ ojú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fún omi ọmú sí i gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń ṣe nílé. Bí ọmọ bá gbé e sẹ́nu, ibùdó tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ májèlé wà ní ilé ìwòsàn Beaumont ní Dublin níbí.

Kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ìkòkò náà kí àwọn ọmọ lè máa kà á: oró, pẹ̀lú àmì òkè lórí o kejì.